Ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ ààfin Àkúrẹ́

Kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni Adéyẹmí ní Oǹdó, mo mọ Róòmù ju bí mo ṣe mọ Àkúrẹ́ lọ. Ìwé ìtàn tí wọ́n fi kọ́ wa ní girama kún fún Késárì àti ogun rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọdún 753 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ní wọ́n tẹ ìlú náà dó, mo lè ka orúkọ òkè rẹ̀ méjèèje láìwo ìwé, mo sì máa ń ya Colosseum sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ mi nígbà tí olùkọ́ ìṣirò bá ń sọ̀rọ̀. Àkúrẹ́ ńkọ́? Ibi tí àbúrò ìyá mi ń gbé ni, tí a máa ń gba Ọjà Ọba kọjá láti lọ kí i. Ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà gan-an. A ó kọjá lára ògiri rẹ̀, a ó máa bá ọ̀nà wa lọ.

Ọdún 1981 ni mò ń sọ yìí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún ni, torí 3 Oṣù Kejì 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú rẹ̀. Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni gómìnà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti kó ọmọ jáde láti oko àti abúlé, ilé ẹ̀kọ́ girama ń yọ níbi gbogbo, olùkọ́ ò sì tó. Ìdí nìyẹn tí àwa tí a wà ní Adéyẹmí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí a ń há ara wa mọ́ inú kíláàsì. Ní Àkúrẹ́, katakata ń wú ilẹ̀ lápá Alágbàká níbi tí wọ́n ń kọ́ ọ́fíìsì ìjọba sí, eruku pupa sì ń bo ewé kòkó tó kù lẹ́bàá títì. Gbogbo ojú ló wà lára ohun tuntun. Ilé alámọ̀ ni ohun tí èèyàn ń wó kó lè rí ibi kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù.

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní ìtàn ayé àtijọ́ fi ojú ara wọn rí Róòmù. Nígbà tí wọ́n ń kàwé ní Ìlú Òyìnbó, ní àwọn ọdún 1960, wọ́n ṣiṣẹ́ nígbà ọlidé, wọ́n fi owó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n la ilẹ̀ Faransé já títí wọ́n fi dé Ítálì. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tálákà ń wọ̀ sí ni wọ́n sùn. Wọ́n rin ìlú náà títí bàtà fi bó wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì tún wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Pompeii, ìlú tí òkè Vesuvius da eérú gbígbóná bò ní ọdún 79, tí ó sùn sábẹ́ ilẹ̀ títí di 1748 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú u jáde. Wọ́n kó àwòrán kéékèèké bọ̀ láti ọ̀hún, irú èyí tí a ń fi iná ẹ̀rọ tàn sára ògiri. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, tí iná ìjọba bá wà, a ó ti fèrèsé, ògiri kíláàsì á sì di Róòmù.

Méjì nínú àwọn àwòrán yẹn ni mo lè yà títí dòní. Èkínní ni Pantheon, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 126 nígbà ọba Hadrian. Òrùlé rẹ̀ rí roboto, ó fẹ̀ tó mítà 43, kò sí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀, ihò ńlá kan sì wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀ tó la ojú sí ọ̀run. Bí òjò bá ń rọ̀, àárín ilé ló ń rọ̀ sí, omi á sì gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ilé náà lọ. Èkejì ni ilé ọlọ́rọ̀ kan ní Pompeii. Òrùlé mẹ́rin dagun sí àárín, àárín náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n sì gbẹ́ agbada òkúta sí ilẹ̀ ibẹ̀ láti gba omi òjò. Impluvium ni wọ́n ń pe agbada yẹn. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sára pátákó, a dà á kọ sínú ìwé wa, a rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù lọ kì í ṣe ẹwà. Wọ́n ní kí a má ṣe rò pé àwọn ará Róòmù tọ́jú nǹkan wọn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Colosseum tí ọba Titus ṣí ní ọdún 80, tó ń gba nǹkan bí 50,000 èèyàn, nígbà tí ìjọba ńlá náà fọ́, ṣe ni àwọn èèyàn ń fọ́ òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn. Òkúta mábù tó dán bíi dígí, iná ni wọ́n sọ ọ́ sí, wọ́n jó o di ẹfun tí wọ́n fi ń mọ ilé. Forum, níbi tí àwọn ìgbìmọ̀ ti ń dá ọ̀rọ̀ ayé, koríko hù sí i, màlúù ń jẹko níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ ní pápá màlúù. Olùkọ́ wa á wá bi wá pé, "Kí ló dé tí Pantheon ò bá wọn lọ?" A ó dákẹ́. "Wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì ní ọdún 609. Ẹni tó ń jọ́sìn nínú ilé kò ní máa wo òrùlé rẹ̀ kó máa jò."

Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìkàrẹ́, ló bi wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Sà, ǹjẹ́ àwa náà máa dé Róòmù báyìí?" Wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọ́n ní, "Ẹ lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn òbí yín. A ó kọ́kọ́ rí èyí tó wà ní tòsí." Bí ìrìn-àjò wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ mìíràn ni, Ifẹ̀ ni wọn ì bá kó wa lọ, torí abẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà nígbà náà, àwọn ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í sinmi lójú ọ̀nà yẹn. Olùkọ́ wa ní Ifẹ̀ lè dúró, ìwé tó wà lórí Ifẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ Adéyẹmí ò gbọdọ̀ máa fi ẹ̀yìn sí ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Canon M. C. Adéyẹmí, tó jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Ondo Boys' High School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, ti kọ ìwé ìtàn Ọ̀yọ́ jáde ní èdè Yorùbá láti 1914. Òpìtàn ni orúkọ tó wà lára géètì wa.

Kí ọkọ̀ tó gbé wa kúrò ní Oǹdó, ààfin Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó, ni a kọ́kọ́ yà sí. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìlú, mo ti gbọ́ ìtàn Pupupu lẹ́nu ìyá mi àgbà kí n tó mọ ìwé kà: pé Aláàfin bí ìbejì lásìkò tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀, pé dípò kí ó jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n, ó ní kí ìyá wọn máa kó wọn lọ, pé ọ̀kan nínú ìbejì náà, Pupupu, obìnrin, ni ó wá di Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́. Títí dòní, ìdí rẹ̀ nìyí tí Oǹdó fi ní Lóbùn, obìnrin tí ọ̀rọ̀ ọjà wà níkàáwọ́ rẹ̀, tí wọn kì í fi ọba jẹ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àgbà ìjòyè kan jókòó, ó sọ ọ́ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkánjú. Bí ó ti parí, olùkọ́ wa yíjú sí wa. Wọn ò sọ nǹkan kan. Kò sí ẹni tí kò ronú kan Romulus àti Remus nínú wa, ìbejì tí wọ́n jù sínú odò kí wọ́n lè kú, tí ìkookò fún lọ́yàn, tí ọ̀kan nínú wọn wá tẹ Róòmù dó. Ìyá mi àgbà ò mọ Romulus. Ṣùgbọ́n mo jókòó níbẹ̀, orí mi wú.

Láti Oǹdó dé Àkúrẹ́ tó nǹkan bí 50 kìlómítà. A ra búrẹ́dì àti àkàrà lójú ọ̀nà, a kọrin títí ohùn fi há. Bí a ṣe ń wọ Àkúrẹ́, olùkọ́ wa na ọwọ́ sí apá Ìsàrun, ní ọ̀nà Iléṣà, wọ́n ní inú igbó yẹn ni Ihò Eléérú wà, ihò àpáta tí Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn wú ilẹ̀ rẹ̀ ní 1965, tí wọ́n bá egungun èèyàn níbẹ̀ pẹ̀lú òkúta tí wọ́n pọ́n ṣe irin iṣẹ́. Ó ti lé ní 11,000 ọdún. Nígbà tí wọ́n sin òkú yẹn, Róòmù kò tíì sí, kò sì tíì sí ìlú kankan láyé. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé gbé ọkọ̀ ńlá gbà, nítorí náà a kò dé ibẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tún agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n ní ìrísí rẹ̀ jọ ti èèyàn ayé àtijọ́ ju bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn ní àgbáyé. Mo ka ìròyìn yẹn, mo rántí ọwọ́ olùkọ́ wa lójú fèrèsé ọkọ̀.

Ààfin Déjì àtijọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ìtàn Àkúrẹ́ sọ pé ọdẹ ni Ọmọ́rẹ̀mí Aṣọdẹ́bóyèdé, pé ó wá láti Ifẹ̀, pé ibi tí ó ti pa erin ni ó tẹ̀dó sí, tí wọ́n sì kọ́ ààfin sí ní nǹkan bí ọdún 1150. Ẹni tó bá dúró sí Ọjà Ọba, òrùlé páànù àti ògiri pupa nìkan ni yóò rí. Inú ni ààfin náà wà. Agbolé tó kún fún àgbàlá ni, àgbàlá tó ń bí àgbàlá, uà ni àwọn ará Àkúrẹ́ ń pè é, uà kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ọba tó ń mú wa kiri, ní kí a bọ́ bàtà, kí àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Ó fi Uà Ubúra hàn wá, níbi tí wọ́n ti ń mú èèyàn búra bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Ó fi èyí tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ọba lórúkọ hàn wá. Àwọn kan wà tí ó ní ojú wa ò gbọdọ̀ tó, a sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìwo ẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibẹ̀ àti gbogbo àwòrán tí wọ́n ti tàn fún wa sára ògiri ni pé èèyàn wà níbẹ̀. Aṣọ wà lórí okùn. Àwọn ọmọdé ń ta ayò lábẹ́ òrùlé. Èéfín ń jáde láti ibi ìdáná kan tí a kò rí.

Àgbàlá kan tí kò tóbi púpọ̀ la wà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Òjò Oṣù Kẹfà tí kì í kan ìlẹ̀kùn ni. Ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ òrùlé ké sí wa, "Ẹ yà síbí, ẹ̀yin ọmọ mi. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá leji ń pa." A sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá náà ká, a fara ti ògiri, a ń wò.

Òrùlé mẹ́rin ló dagun sí àárín. Omi ń ya láti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ títa. Ní igun kọ̀ọ̀kan, níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń ya gúdúgúdú sínú odù ńlá tí wọ́n ti gbé síbẹ̀ dè é. Àárín àgbàlá náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti fi òkúta kéékèèké tẹ́ ẹ, omi ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ó ń yí, ó sì ń wá ọ̀nà lọ sábẹ́ ògiri, níbi tí wọ́n ti dá ihò kan tí kò ju ọwọ́ méjì lọ sí fún un. Èèyàn tó ń lọ láti yàrá kan sí òmíràn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbà, òjò ò sì kàn án. Afẹ́fẹ́ tútù ń ti àárín wá bá wa. Yàrá kankan ò ní fèrèsé sí ìta, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ wà, torí àárín yẹn ni ojú ilé náà.

Ọmọ Ìkàrẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ pariwo, "Sà! Pompeii!" Gbogbo wa hó yèè. Ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí bi wá pé kí ni a rí. Olùkọ́ wa sún mọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí wọn, wọ́n sì ṣàlàyé fún wọn pé ìlú kan wà lókè òkun níbi tí àwọn olówó ti kọ́ ilé báyìí ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, pé òun ti rí i, ṣùgbọ́n kò sí omi nínú agbada wọn mọ́, kò sì sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ìyá náà ní, "Kí ló pa wọ́n?" Olùkọ́ wa ní iná òkè ni. Ìyá mi orí, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn."

Nígbà tí òjò ń dá, olùkọ́ wa ní kí a mú téèpù jáde kí a wọn ògiri. Ó nípọn ju apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka lọ. Níbi tí ìrẹ́ rẹ̀ ti ṣí, a rí bí wọ́n ṣe mọ ọ́n ní ipele ní ipele, èyí tó wà nísàlẹ̀ gbòòrò ju tòkè lọ. A bi ìyá náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n sì ya ẹ̀gúsí sápá kan. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n ń wà, wọn á da omi sí i, wọn á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn á fi í sílẹ̀ kó rà, wọn á tún tẹ̀ ẹ́. Ipele kan ni wọ́n ń mọ yí ilé ká, wọn á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ ilé. Mímọ ògiri jẹ́ ti ọkùnrin. Rírẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti obìnrin, àwọn ni wọ́n ń po amọ̀ tó kúnná, tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa á títí yóò fi dán. "Lọ́dọọdún là ń rẹ́ ẹ," ni ìyá náà wí. "Ògiri ò níṣòro. Bí òrùlé bá ti dára, ó di ọmọ ọmọ yín. Orí ni ilé alámọ̀ ti ń kú."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé, mo fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa Róòmù ni pé wọ́n po ẹfun mọ́ eérú òkè iná, ó di kọnkéré tí omi òkun gan-an ò rí gbé ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ wa sọ lórí Pantheon àti ọ̀rọ̀ ìyá yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n, wọn ò sì mọ ara wọn rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Òkè Ìdànrè tí a lọ lẹ́yìn Àkúrẹ́ tó ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, n kò ní lè sọ ọ́ tán níhìn-ín. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, àwọn tó ń ṣe bí akọni nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó sí ibi ìsinmi. Ohun tí a lọ wò ni ìlú tó wà lórí òkè, tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí àwa tó dé ibẹ̀. Ẹ wo bí àádọ́ta ọdún ti kéré tó nínú ọ̀rọ̀ ìtàn. Ọ̀pọ̀ ilé ti di òkìtì, igi ti hù láàárín iyàrá, a kò lè mọ ibi tí ilé kan ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, dúró, pẹ̀lú òpó gbígbẹ́ rẹ̀ àti àgbàlá rẹ̀. Amọ̀ kan náà ni, àpáta kan náà, òjò kan náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọba àti àwọn ìjòyè ṣì ń gòkè lọ ṣe orò wọn, wọn kì í sì í lọ ṣe orò nínú ilé tó ti wó. Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Mo ń retí rẹ̀ pẹ̀lú ìtara.

Ọ̀wọ̀ la ti parí ìrìn-àjò náà. Ààfin Ọlọ́wọ̀ ni wọ́n ní ó tóbi jù nínú gbogbo ààfin ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn sì ní àgbàlá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ùghà, tó 100 nígbà kan. Òkúta funfun kéékèèké àti àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àwọn kan. Mo kúnlẹ̀ fi ọwọ́ pa á: òkúta náà tutù, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sì ti pa ojú rẹ̀ dán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin yẹn ni mùsíọ́mù wà, tí wọ́n ṣí ní 1968 láti kó àwọn ohun àtijọ́ inú ààfin sí. Ibẹ̀ ni obìnrin òṣìṣẹ́ kan ti sọ ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n fún wa, ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, tó kó ọrọ̀ wá sílé ọkọ, ṣùgbọ́n tó ní èèwọ̀ mẹ́ta: kí wọ́n má lọ ilá lójú rẹ̀, kí wọ́n má da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀, kí wọ́n má sọ ẹrù igi kalẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bínú jáde, wọ́n lé e, ọ̀já orí rẹ̀ nìkan ni ó kù sí Igbó'Lájà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọdún Igogo ní Oṣù Kẹsàn-án, tí Ọlọ́wọ̀ ń di irun bí obìnrin, tí ẹnikẹ́ni kì í wé gèlè tàbí dé fìlà, tí ìlù kì í dún, àfi agogo.

Igbó'Lájà yẹn gan-an ni onímọ̀ ìwalẹ̀ Ẹkpo Eyo wú ilẹ̀ rẹ̀ láàárín 1969 sí 1971. Ó bá ère amọ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1400 sí 1500: orí èèyàn tó jọ ti Ifẹ̀, àmọ̀tẹ́kùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ èèyàn, agbọ̀n tó kún fún orí gígé, ọwọ́ tó di ẹran mú. Ibi tí ìtàn ẹnu ti ń tọ́ka sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọkọ́ lọ bá a. Olùkọ́ wa ò lè dákẹ́ mọ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní Róòmù: àwọn ará ibẹ̀ ń sọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé orí òkè Palatine ni ahéré Romulus wà, àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, títí di 1948 tí wọ́n wú ilẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n bá ihò òpó àwọn ahéré tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù.

A bèèrè ère amọ̀ Igbó'Lájà kí a wò ó. Obìnrin náà ní díẹ̀ ló wà níbẹ̀, pé Èkó ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ, àwọn kan sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àfihàn ńlá ti àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà wà lójú ọ̀nà nígbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti Detroit ní 1980, ó ń lọ láti ìlú ńlá kan sí òmíràn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn pé ayé ń rí i. Ó tún dùn mí pé ọmọ Detroit rí ohun tí ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ pa mọ́ kí èmi ọmọ Oǹdó tó rí i, mo sì dúró síwájú àpótí dígí náà fún ìgbà pípẹ́, mo ń wo àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún wa.

Nínú ọkọ̀ tí a fi ń padà sí Oǹdó, ìjà ṣẹlẹ̀, ìjà ẹnu. Àwọn kan ní kí ìjọba kó gbogbo èèyàn kúrò ní ààfin Àkúrẹ́ àtijọ́, kí wọ́n fi ọgbà yí i ká, kí wọ́n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ti ń ṣe ní Róòmù. Àwọn kan ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ èyí tó dáa. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ó bi wá pé, bí a bá lé ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí jáde, ta ni yóò rẹ́ ògiri lọ́dún tó ń bọ̀? Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ààfin náà. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, èyí sì dára púpọ̀. Wọ́n ti kọ́ ààfin ìgbàlódé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbòkègbodò ti ń lọ báyìí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bí èèyàn ṣe ń dín kù nínú àwọn àgbàlá àtijọ́ ni ibi tí a lè wọ̀ ń dín kù, mo sì ti mú àwọn ọmọ dé ibi tí ó jẹ́ pé ìwé mi láti 1981 nìkan ni mo fi lè júwe ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn. Ní Ọ̀wọ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ùghà yẹn ti lọ.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ńlá ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́, tí wọ́n ń dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì àti títì ọlọ́dà. Títì dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣáájú kò gbowó tó bẹ́ẹ̀: páànù tó bá ti jẹrà, kí wọ́n ṣí i kúrò kí wọ́n fi tuntun sí i kí òjò tó dé, kí wọ́n dá ìsọmọlórúkọ, ìgbẹ́jọ́ àti ọdún padà sínú àgbàlá tí wọ́n kọ́ ọ fún, kí wọ́n sì wá àwọn obìnrin tó mọ amọ̀ ìrẹ́lé pò, kí wọ́n san owó fún wọn láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ní Àkúrẹ́ wọ́n wà, ní Oǹdó wọ́n wà, ní Ọ̀wọ̀ náà wọ́n wà. Àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn ti lé ní ẹni 80 ọdún.